Ta ni AYA? Àlàyé lórí ìbọn ọdẹ kan láti ìlú Eibar

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó kọ́kọ́ rí lẹ́tà mẹ́ta náà, AYA, lára irin ìbọn, a mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni, kì í sì í ṣe orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. A àkọ́kọ́ ni Aguirre, A ìkẹyìn ni Aranzabal, y tó wà láàárín wọn ò sì ju "àti" lọ. Aguirre y Aranzabal, ìyẹn Aguirre àti Aranzabal. Miguel Aguirre àti Nicolás Aranzabal ló ni orúkọ náà. Ní 1915 ni wọ́n da ọwọ́ pọ̀ ní ìlú Eibar, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbọn.

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìbọn ọdẹ, ohun mẹ́ta ló máa ń dàrú nípa AYA. Àwọn kan ní ayédèrú ìbọn Ìlú Ọba ni. Àwọn kan ní ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Àwọn kan tilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ náà ti kú tipẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti kan òótọ́, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ délẹ̀ nínú wọn. Ká tó lè tú u, àfi ká kọ́kọ́ dé ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn náà.

Eibar wà ní ilẹ̀ àwọn Basque, ní àríwá Sípéènì, láàárín Bilbao àti San Sebastián. Àfonífojì tóóró ni. Odò Ego ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá, òkè sì há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí èèyàn lè fi dá oko ńlá níbẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí agbègbè náà ni irin inú òkè, igi tí wọ́n ń sun di èédú, àti omi tó ń sáré tó láti yí ẹ̀rọ. Níbi tí àwọn mẹ́ta yìí bá ti pàdé, agbẹ̀dẹ ò ní pẹ́ dé. Ó ti lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ní àfonífojì yẹn. Ìlú kan tó múlé gbe Eibar, Soraluze lédè Basque, wá ń jẹ́ Placencia de las Armas lédè Sípéènì. "Armas" yẹn, ohun ìjà ni. Láti 1573 ni ilé iṣẹ́ ìbọn ọba ti wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà láyé ìgbà yẹn ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa, torí òun ló máa ṣàlàyé ohun tó gba AYA là ní nǹkan bí 400 ọdún lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ mẹ́rin làwọn oníṣẹ́ ìbọn ọba pín sí. Ẹgbẹ́ kan ń rọ ọ̀pá ìbọn, òmíràn ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ta iná, ìkẹta ń ṣe àwọn irin kéékèèké tó so ìbọn pọ̀, ìkẹrin ń gbẹ́ igi ìdí rẹ̀. Kálukú ló ń ṣiṣẹ́ nílé ara rẹ̀. Ọmọ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá, ọmọ ọmọ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó ń dá odindi ìbọn ṣe. Ìlú lápapọ̀ ló ń ṣe ìbọn.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Madrid, olú ìlú, náà ní òkìkí tiwọn, kì í sì í ṣe kékeré. Nicolás Bis, tó ṣe alágbẹ̀dẹ ìbọn fún Ọba Felipe Karùn-ún, wà lára àwọn tó ń kó bàtà ẹṣin àti ìṣó rẹ̀ tó ti gbó jọ, tí wọ́n ń fi rọ ọ̀pá ìbọn. Ọba àti ìjòyè káàkiri Yúróòpù ń wá ọ̀pá ìbọn Sípéènì kiri nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti dúró nínú agbẹ̀dẹ rí máa mọ ìdí rẹ̀: irin tí wọ́n ti lù, tí wọ́n tún fi sínú iná, tí wọ́n tún lù, ìdàrọ́ inú rẹ̀ ti jáde tán. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Mo sọ èyí torí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé Ìlú Ọba ló kọ́ àwọn ará Sípéènì ní iṣẹ́ ìbọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ Ìlú Ọba, a máa tó débẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wà nílé wọn tẹ́lẹ̀.

Ní 1915 tí Aguirre àti Aranzabal bẹ̀rẹ̀, Eibar ń gbóná. Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, Sípéènì ò sì bá wọn dá sí i. Faransé nílò ìbọn ìléwọ́ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sì wá rà á ní Eibar. Ilé iṣẹ́ Gabilondo y Urresti ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Ruby. Iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ débi pé apá wọn ò ká a, ni wọ́n bá ń pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní 1913, ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìbọn ìlú náà, Escuela de Armería, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ. Ẹ wo irú ọjà tí àwọn méjì yìí bọ́ sí: oníṣẹ́ wà, ilé ẹ̀kọ́ wà, owó ń wọlé.

Nígbà tí ogun parí, ọjà ìbọn ìléwọ́ wó lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Eibar yí iṣẹ́ padà. Ẹ ti lè rí kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n kọ Orbea sí lára. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ìbọn Eibar ni Orbea, láti 1840. Ní 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́, torí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá irin tó gún tó sì lágbára, ara kẹ̀kẹ́ ò lè ṣòro fún un. Alfa tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìbọn ni òun náà ti wá. AYA ò kúrò nídìí ìbọn ní tirẹ̀.

Ogun abẹ́lé Sípéènì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlú náà run. Eibar ni ìlú tó kọ́kọ́ kéde ìjọba tí kò ní ọba, láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1931, kí Madrid tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1937, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun Franco, ọ̀gágun tó ń bá ìjọba náà jà, àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn rọ̀jò bọ́ǹbù lé e lórí, àárín ìlú sì di àwókù. Nígbà tí Franco gbàjọba, ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ló gbà láyè kí wọ́n máa ṣe ìbọn ìléwọ́: Star, Astra àti Llama. Àwọn yòókù ní láti wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìbọn ọdẹ ṣì wà lára ohun tí òfin gbà, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó mọṣẹ́ já sí. Mo rò pé èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa ìdí tí ìlú kékeré kan fi ní ilé iṣẹ́ ìbọn ọdẹ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: Arrieta ní Elgoibar, Ugartechea, Grulla, Pedro Arrizabalaga, àti AYA tó wá tóbi ju gbogbo wọn lọ.

Ó ti tó àkókò láti wo ìbọn náà fúnra rẹ̀.

Ìbọn tí AYA fi gbajúmọ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, ọ̀pá méjèèjì sùn ti ara wọn. Ẹni tó bá mọ ṣakabùlà mọ̀ pé ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹtù àti ọta bọ̀ ọ́, òòlù rẹ̀ sì wà lóde níbi tí ojú ti ń rí i. Ti AYA kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ ní àárín bí ilẹ̀kùn tó ní àgbékọ́, wọ́n á ki kátíríìjì méjì sí i láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì pa á dé. Òòlù rẹ̀ méjèèjì wà nínú. Nígbà tí ọdẹ bá ń ṣẹ́ ìbọn náà sílẹ̀, ọ̀pá tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ló ń ti òòlù inú rẹ̀ padà sẹ́yìn, tí ó sì di pé ó ti ṣe tán láti yìn. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í kan òòlù.

Níbi tí òòlù wọ̀nyẹn wà gan-an ni ìyàtọ̀ ńlá wà, òun ló sì máa ń ru àwọn tó ń ra ìbọn lójú jù lọ. Ọ̀nà méjì ni. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, tí àwọn oníṣòwò ìbọn ń pè ní boxlock, gbogbo ẹ̀rọ náà wà nínú irin ńlá kan láàárín ìbọn, bí ẹrù inú àpótí. Anson àti Deeley, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Westley Richards ní Birmingham, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ (patent) ní 1875, ìyẹn ìwé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì lo ọgbọ́n náà títí àkókò rẹ̀ á fi parí. Irin inú rẹ̀ ò pọ̀, kì í tètè bàjẹ́, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Nínú ọ̀nà kejì, sidelock, wọ́n to ẹ̀rọ òòlù kọ̀ọ̀kan mọ́ inú irin pẹlẹbẹ kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n wá rì mọ́ ara igi. Irin pẹlẹbẹ yẹn fẹ̀, àyè wà lójú rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọnà láti fín òdòdó àti ewé sí. Iṣẹ́ rẹ̀ gba àkókò gan-an, torí ẹni tó ń gbẹ́ igi ní láti gbẹ́ ihò tó bá gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà mu láìjẹ́ kí igi sán. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Kò túmọ̀ sí pé boxlock kò dára. Ẹni tó ń lọ sóko ọdẹ nínú òjò àti ẹrẹ̀ lè rí i pé boxlock ló sàn fún òun.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ àwọn ọdẹ ibẹ̀, ẹni tó bá sì san owó máa dúró pẹ́ kó tó rí i gbà. Láàárín 1950 sí 1960, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti ìdílé King, tí òwò wọn wà ní Suffolk ní Ìlú Ọba, kọjú sí Eibar. Wọ́n bẹ AYA pé kó bá àwọn ṣe ìbọn tó máa bá ìfẹ́ àwọn ará Ìlú Ọba mu. Fún sidelock, ìlànà Holland & Holland, ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tó ti wà láti 1835, ni wọ́n tẹ̀ lé. Fún boxlock, ti Anson àti Deeley ni. Bí No. 1 àti No. 2 ṣe jáde nìyẹn, sidelock làwọn méjèèjì, igi àti fínfín ti No. 1 ló ga jù. No. 4 ni boxlock. Èyí tí wọ́n ń pè ní XXV, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, íǹṣì 25. Robert Churchill, alágbẹ̀dẹ ìbọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ̀pá kúkúrú yẹn di ohun táwọn èèyàn ń bèèrè, nọ́ńbà 25 lọ́nà kíkà àwọn ará Róòmù ìgbàanì sì ni XXV.

Ṣé ayédèrú ni wọ́n, nígbà náà? Èmi ò gbà. Ayédèrú ni kéèyàn ṣe ọjà kó sì kọ orúkọ ẹlòmíì sí i lára kó lè fi tan ẹni tó ń rà á. AYA kọ orúkọ ara rẹ̀ sí tirẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ tí Anson àti Deeley gbà ní 1875 ti parí tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí Suffolk tàbí kó ti Suffolk wá. Ọgbọ́n tí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá ti parí ti di ti gbogbo ayé. Àwọn ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba fúnra wọn ń lo ìlànà ara wọn: ọ̀pọ̀ boxlock tó jáde ní Birmingham, ti Anson àti Deeley ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ayédèrú. Ohun tí AYA gbà lọ́wọ́ wọn ni ìlànà. Ọwọ́ tó ṣe é, ọwọ́ Eibar ni.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ńkọ́? Àwọn méjèèjì ló ń ṣe é, ibi tí ọ̀kan parí sí ni ìkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gé irin títí tó fi sún mọ́ ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Láyé òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí irin méjì tó lè wọ ara wọn débi tí afẹ́fẹ́ ò ní rí ààyè gbà láàárín wọn, èèyàn ló ń ṣe ìyẹn. Oníṣẹ́ á tan fìtílà kékeré kan, á na irin náà sí èéfín rẹ̀ títí tí èéfín á fi kun ún ní dúdú. Á wá ki í bọ àyè rẹ̀, á tún fà á yọ. Ibi tí dúdú ti ràn mọ́ irin kejì, ibẹ̀ ló ga jù; á mú ayùn irin, á ha á díẹ̀. Á tún na irin náà sí èéfín. Á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí tí dúdú náà á fi tẹ́ káàkiri. Ọ̀pá ìbọn tó dára náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀pá kọ̀ọ̀kan àti ìdajì irin tó máa dè é mọ́ ara ìbọn, ẹyọ irin kan ṣoṣo ni wọ́n ti rọ̀ wọ́n, kí wọ́n tó wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá náà fi lè tẹ́ẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó ya níbi ìsopọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kan tó máa ń da èèyàn láàmú há a lọ́nà. Wọ́n á ní ìbọn yìí jẹ́ "12", tọ̀hún jẹ́ "20", àwọn kan á sì rò pé 20 ló tóbi jù. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pín òjé tó wọ̀n ìwọ̀n póùn kan sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó ni ẹnu ìbọn 12 ṣe fẹ̀ tó, bíi mìlímítà 18.5. Bí wọ́n bá pín òjé kan náà sí 20, ọta kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, ẹnu ìbọn náà á sì há sí i.

Ó kù ikú tí wọ́n ní AYA kú. Láàárín 1970 sí 1990, nǹkan le fún gbogbo Eibar. Ìtàlì àti Japan ń kó ìbọn tí ẹ̀rọ ṣe jáde ní owó pọ́ọ́kú. Ọjà sì ń yí sí ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gun orí ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìjọba rò pé bí wọ́n bá kó àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké jọ sábẹ́ orúlé kan, agbára wọn á pọ̀. Wọ́n dá Diarm sílẹ̀, wọ́n sì kó AYA àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá náà lọ, ẹ̀rọ lọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wá jókòó sílé. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ orúkọ tó wọnú Diarm kò jáde níbẹ̀ mọ́.

AYA jáde. Kí ilé iṣẹ́ ńlá kankan tó dé, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn ní àfonífojì yẹn, kálukú nílé ara rẹ̀. Bí ogún àwọn àgbà oníṣẹ́ ló kóra jọ, pẹ̀lú orúkọ náà àti ìlànà ìbọn àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ilé tó kéré. No. 1, No. 2 àti No. 4 ni wọ́n tún ń ṣe, fún ẹni tó bá ránṣẹ́ sí wọn, tí wọ́n á wọn gígùn apá rẹ̀ àti bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó gbẹ́ igi. Nítorí náà, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ńlá náà kú sọ òótọ́. Ẹni tó ní AYA là á já náà sọ òótọ́. Ohun tó kú ni ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìbọn lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ìbọn táwọn ogún yẹn ṣe lẹ́yìn náà, lójú tèmi, ó sàn ju ọ̀pọ̀ tó jáde nígbà tí ilé iṣẹ́ náà tóbi jù lọ, torí kò sí kánjúkánjú mọ́.

Báwo wá ni ẹni tí ìbọn Sípéènì àtijọ́ kan bá já sí lọ́wọ́ ṣe máa mọ ọdún tó jáde? Kì í ṣe nọ́ńbà ara rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Òfin Sípéènì ní gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdánwò ní Eibar kí ẹnikẹ́ni tó tà á. Níbẹ̀, wọ́n á yin kátíríìjì tó lágbára ju ti ọjà lọ nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá ya, tí kò sì wú, wọ́n á fi òǹtẹ̀ lù ú. Láti 1927 ni lẹ́tà ọdún ti wà lára òǹtẹ̀ náà. Ṣẹ́ ìbọn náà sílẹ̀ nígbà tí kò sí kátíríìjì nínú rẹ̀, yọ ọ̀pá rẹ̀, kí o wo ibi pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ ìdí ọ̀pá. A ni 1927, B ni 1928, C ni 1929.

Lẹ́yìn C ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí a-b-d Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kà á. Nínú ìtò lẹ́tà tí ilé ìdánwò náà lò, CH jẹ́ lẹ́tà kan lọ́tọ̀, LL jẹ́ lẹ́tà kan lọ́tọ̀, Ñ náà sì wà lọ́tọ̀. Kò sí W. Nítorí náà CH ni 1930, D sì bọ́ sí 1931. LL ni 1940, M ni 1941. Ẹni tó bá fi ti Gẹ̀ẹ́sì ka S á sọ pé 1945 ni ìbọn òun, bẹ́ẹ̀ 1948 ni. Z ni 1954. Nígbà tí lẹ́tà tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti A, wọ́n wá fi nọ́ńbà ọ̀kan sí i lára. A1 ni 1955.